Ṣáàtì Snellen àbí ti Bailey àti Lovie: èwo ni ká gbé kọ́ ògiri, báwo la sì ṣe ń ka máàkì rẹ̀?

#1 ỌmọOptometry

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Projẹ́ẹ̀tì kan wà nílẹ̀ lórí bí awò ojú ṣe ń ran àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Inú fáìlì àtijọ́ kún fún 6/9, 6/18, 6/60 (ìyẹn ni pé láti mítà 6, ó ka ohun tí ojú tó dáa lè kà láti mítà 9, 18 tàbí 60), gbogbo rẹ̀ láti ara ṣáàtì Snellen. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní ṣáàtì Bailey àti Lovie ni kí wọ́n máa lò láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n sì yí ti àtijọ́ padà sí logMAR, ìyẹn ìwọ̀n ìríran tí wọ́n fi lọ́gì (logarithm) ṣírò. Mo fẹ́ bi yín: kí ló burú nínú ti Snellen gan-an? Báwo ni wọ́n ṣe ń ka máàkì ti tuntun yìí? Ṣé èèyàn lè tẹ ṣáàtì náà fúnra rẹ̀? Yàrá tó wà nílẹ̀ kò ju mítà 4 lọ láti ògiri dé ògiri.

#2 BàbáLẹ́ǹsì

Àbúrò, káàbọ̀. Snellen kò ṣe nǹkan burúkú o. Ní 1862 tó gbé ṣáàtì rẹ̀ jáde ní Utrecht, kò sẹ́ni tó ní èyí tó dára tó o. Òun ló fi lélẹ̀ pé lẹ́tà tí ojú tó dáa yẹ kó lè kà, gíga rẹ̀ á jẹ́ ìṣẹ́jú 5 nínú ìwọ̀n igun, ìlà tí wọ́n fi kọ ọ́ á sì nípọn tó ìṣẹ́jú 1. (Dígírì kan, ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú rẹ̀.) Èyí ṣì dúró títí dòní. Bí wọ́n ṣe to àwọn lẹ́tà náà sójú páálí ló ní wàhálà.

Ẹ wo ṣáàtì tó wà lára ògiri yín. Lókè pátápátá, lẹ́tà kan ṣoṣo, 6/60. Ìlà tó tẹ̀ lé e, méjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pọ̀ sí i títí dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, tó jẹ́ òun gan-an la fẹ́ wọn dáadáa, lẹ́tà kan péré la fi ń dán an wò. Tó bá ṣèèṣì mọ̀ ọ́n, 6/60. Tó bá ṣì í, a ní kò rí nǹkan kan. Lẹ́tà òkè yẹn kò tún ní aládùúgbò kankan, ti ìsàlẹ̀ sì fún mọ́ra wọn bí èrò inú dánfó, nítorí náà iṣẹ́ tí ojú ń ṣe lókè yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ náà kò dọ́gba: láti 60 sí 36, ìlọ́po 1.67, láti 24 sí 18, ìlọ́po 1.33, láti 6 sí 5, ìlọ́po 1.2. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí fáìlì pé ojú aláìsàn "fi ìlà méjì dára sí i", ìlà méjì wo?

Ní 1976, Ian Bailey àti Jan Lovie, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí optometry (iṣẹ́ wíwọn ìríran) ní Melbourne ní Ọsirélíà, kọ ìwé kékeré kan tí kò ju ojú ewé mẹ́fà lọ nínú American Journal of Optometry and Physiological Optics. Ohun tí wọ́n ní kò le: kí iṣẹ́ tí ojú ń ṣe rí bákan náà ní ìlà gbogbo, kó jẹ́ ìwọ̀n lẹ́tà nìkan ni yóò máa yí padà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Lẹ́tà 5 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà méjì fẹ̀ tó lẹ́tà kan nínú ìlà yẹn. Àlàfo tó wà láàárín ìlà méjì ga tó lẹ́tà ìlà tó wà nísàlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan sì fi ìlọ́po 1.26 kéré sí èyí tó wà lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ìlà 3, lẹ́tà ti di ìdajì, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ìlà 10, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìlà 14 ló wà lára rẹ̀, láti 6/60 dé 6/3. Lẹ́tà mẹ́wàá tí wọ́n lò ni D E F H N P R U V Z, fífẹ̀ wọn jẹ́ 4 tí gíga wọn bá jẹ́ 5.

Ìdí nìyẹn tí ṣáàtì náà fi rí bí àrọ̀ tí wọ́n fi ń rọ epo, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ẹlòmíràn rò pé ọ̀nà àtimú un rẹwà ni.

#3 ÌyáAláwò

Kí n fi kan kún un lórí ọ̀rọ̀ aládùúgbò yẹn. Ọmọ tó ní ojú ọ̀lẹ, ìyẹn ojú tí ọpọlọ kò lò dáadáa láti kékeré, tí ẹ bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo hàn án, ó lè kà á dé ibi tó jọni lójú. Ẹ to márùn-ún jọ, ó ti há. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi páálí bo àwọn lẹ́tà yòókù kí ọmọ lè ráyè ka ọ̀kan, àánú tó máa jẹ́ ká pàdánù àìsàn náà nìyẹn. Ẹ má fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà lẹ lè tọ́ka sí, kí ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò.

#4 TíṣàÌríran

Máàkì ló kàn. ỌmọOptometry, mú bírò.

logMAR 0.0 ni 6/6. logMAR 1.0 ni 6/60. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.1, lẹ́tà 5 ló sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà kan jẹ́ 0.02. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú ṣe dára tó, èyí tó bá sì lọ sábẹ́ òdo (bíi −0.1) sàn ju 6/6 lọ. Ibí yìí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀, wọ́n á kọ "logMAR aláìsàn lọ sókè" bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Tí ìlà òkè ṣáàtì bá jẹ́ 1.0, ẹ ka gbogbo lẹ́tà tó kà dáadáa, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.02, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1.1. Àpẹẹrẹ: ó ka gbogbo ìlà dé 0.3 láìṣì (ìlà 8, lẹ́tà 40), ó mú 4 nínú ìlà 0.2, ó mú 2 nínú ìlà 0.1, kò mú ẹyọ kan nínú ìlà 0.0. Àpapọ̀ 46. 46 lọ́nà 0.02 jẹ́ 0.92. 1.1 yọ 0.92 ku 0.18. Ẹ kọ 0.18, ẹ má sọ ọ́ di 0.2.

Kò pọn dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà tó hàn pé á ka márààrún rẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ sì ka àwọn tó wà lókè ìlà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá ní "mi ò rí i mọ́", ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ ní kó gbìyànjú, kó sọ èyí tó bá jọ lójú rẹ̀. Ẹnì kan á méfò, ẹlòmíràn á dákẹ́ nítorí ìtìjú, ojú wọn sì lè dọ́gba. Tó bá ṣi 4 nínú 5 lórí ìlà kan, ẹ dá a dúró. Ẹ má sọ fún un pé ó gbà tàbí ó ṣì í títí ẹ ó fi parí.

Bailey tún ní ìwọ̀n míràn fún àwọn tí nọ́ńbà abẹ́ òdo ń dà láàmú: 100 yọ 50 lọ́nà logMAR. 6/6 á di 100, 6/60 á di 50, lẹ́tà kan á jẹ́ máàkì kan. Ẹni òkè yẹn gba 91. Ó rọrùn láti ṣàlàyé fún òbí, àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún o. Ẹni tó gba 50 kò pàdánù ìdajì ojú rẹ̀.

#5 OníPápá

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Téèyàn 200 bá tò sílẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ta ló fẹ́ máa ka lẹ́tà 46 yọ kúrò nínú 1.1? Snellen yá. Ṣé torí 0.02 la máa fi gbàgbé àwọn ọmọ sínú oòrùn?

#6 TíṣàÌríran

OníPápá, ọ̀tọ̀ ni yíyẹ ojú wò láti mọ ẹni tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀tọ̀ ni wíwọn ojú fún ìwádìí. Ti àkọ́kọ́ kò fẹ́ ju ìlà kan lọ: ìlà 6/12 tó ní lẹ́tà 5, ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá mú 4, ó kọjá. Tí kò bá mú 4, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ti projẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá awò ojú yí nǹkan padà, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà méjì-mẹ́ta ti ń ṣe bẹbẹ. Ìyàtọ̀ tó bá sì kéré sí lẹ́tà 5 lára ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má tíì jó. Ojú kan náà, ṣáàtì kan náà, lónìí àti lọ́la, lè fi lẹ́tà mélòó kan yàtọ̀ láìsí ohun tó ṣe é.

#7 BàbáLẹ́ǹsì

Ó dáa. Ìtẹ̀wé wá ló kù.

Yàrá mítà 4 láti ògiri dé ògiri kò lè fún ọ ní mítà 4. Orí èèyàn kì í lẹ̀ mọ́ ògiri, láti ojú ẹni tó jókòó la sì ti ń wọn ọ̀nà, kì í ṣe láti ẹsẹ̀ àga. Mítà 3 ni kó o mú. Fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun ojú rẹ̀ dé ojú páálí, kó o wá fi kùn sàmì sílẹ̀ fún àga.

Gíga lẹ́tà fún 6/6 ní mítà 6 jẹ́ mìlímítà 8.73, ní mítà 4 ó jẹ́ 5.82, ní mítà 3 ó jẹ́ 4.36. Ti 6/60 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Nítorí náà, ìlà òkè ṣáàtì mítà 3 gbọ́dọ̀ ga ní mìlímítà 43.6, ti ìlà 0.3 á jẹ́ 8.7. Tí lẹ́tà rẹ bá fẹ̀ bó ṣe ga, ìlà òkè á gba lẹ́tà 5 àti àlàfo 4, ìlọ́po 9 fífẹ̀ lẹ́tà kan, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 393. Gbogbo ìlà 14 á ga tó 364. Bébà A3 kò gbà á, bó o fi dúró, bó o fi dùbúlẹ̀. A2 ni kó o lọ tẹ̀.

Ní ilé ìtẹ̀wé, ìkà kan wà tó ń jẹ́ "fit to page". Tí wọ́n bá tẹ ibẹ̀, ẹ̀rọ á fún ṣáàtì náà láti fi bá bébà mu, ojú lásán kò sì ní mọ̀. Ṣáàtì tó bá kéré sí ìdá 94 nínú 100 ti gba lẹ́tà kan lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀, ó lé díẹ̀. Ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 100 gééré, kó o sì mú rúlà lọ́wọ́ kó o tó sanwó. Wọn ìlà òkè, wọn fífẹ̀ rẹ̀ náà, nítorí ẹ̀rọ míràn máa ń na nǹkan sí ọ̀nà kan. Bébà tí kò dán ni kó jẹ́. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá dídán bò ó, iná á máa kọ mọ̀nà lára rẹ̀. Kọ "mítà 3" gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn rẹ má lọ gbé e sí 6.

#8 ÌyáAláwò

Ọ̀nà kúkúrú ní gbèsè tirẹ̀ o. Ọmọ tó tẹ orí síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 30, ní mítà 6, ó jèrè lẹ́tà kan. Ní mítà 3, ó ti ju lẹ́tà méjì lọ. Níbi ìwé kíkà ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó bá sún mọ́ ọn ní 10 péré, ó ti jèrè lẹ́tà 6, ìyẹn ju ìlà kan lọ! Àga tó ní ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ lò, ẹ̀yìn ọmọ náà kó lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹnì kan sì máa wo orí rẹ̀ kì í ṣe ṣáàtì.

Ojú tó fún pọ̀ náà, ẹ ṣọ́ ọ. Téèyàn bá fún ìpéǹpéjú pọ̀, àlàfo tóóró tó kù ń ṣiṣẹ́ bí ihò abẹ́rẹ́, ó ń jẹ́ kí lẹ́tà mọ́ sí i. Ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń bá yín sọ̀rọ̀: ó fẹ́ awò ojú. Ẹ ní kó la ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó kọ máàkì. Ẹ lè wá fi ihò abẹ́rẹ́ gidi (ìwọ̀n mìlímítà 1.2 dára) dán an wò. Tí 6/18 bá di 6/9 látinú ihò, awò ojú ló ṣeé ṣe jù kó ràn án lọ́wọ́. Tí kò bá yí padà, kí dókítà wo inú ẹyinjú rẹ̀.

Ìbojú pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ kọjá ni kí ẹ fi bo ojú kejì. Ìka ọwọ́ kì í ṣe ìbojú, ọmọ á yọ́jú láàárín rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ń tẹ ẹyinjú, tí wọ́n bá wá ṣí i, gbogbo nǹkan á ṣú fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó sì kọ̀wé pé ojú òsì kò dáa. Kí ṣáàtì méjì tí lẹ́tà wọn yàtọ̀ wà nílẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Àwọn ọmọ tó tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́, wọ́n á ti há a sórí kó tó kàn wọ́n.

#9 OníPápá

Tó bá jẹ́ pé ojú tẹlifóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà la fi ṣe ṣáàtì ńkọ́? Kò sí bébà, kò sí inki.

#10 BàbáLẹ́ǹsì

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìṣirò wà níbẹ̀. Ní mítà 3, ìlà tí wọ́n fi kọ lẹ́tà 6/6 nípọn tó mìlímítà 0.87. Tí tóótòòtó (pixel) kan lójú kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ mìlímítà 0.25, ìlà yẹn á gba tóótòòtó mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní −0.3 kò ní tó méjì mọ́. Lẹ́tà á ti wọ́, R á dà bíi K, ẹ ó sì máa bá ojú aláìsàn wí fún ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé rúlà lé ojú rẹ̀ kí ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má gba ohun tí ètò náà sọ gbọ́. Ìlà òkè ti mítà 3 kò sì lè wọ ojú tẹlifóònù rárá.

#11 Ìmọ́lẹ̀Pọ̀

Ẹ ò tíì dárúkọ iná. Ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ojú páálí tàn tó 120 candela ní mítà onígun mẹ́rin kan, ó kéré tán. Lórí bébà funfun, ìyẹn tó nǹkan bí lux 470. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n iná wò ó ní àárín àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má gbé ṣáàtì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á máa tàn sí ojú ẹni tó ń kà á. Ojú tó dáa kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà, tí iná bá di ìdajì, kò ju nǹkan bíi lẹ́tà kan lọ tó ń sọ nù. Ẹni tó ní kataráàtì tàbí tí ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ lè pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má fi fèrèsé parí rẹ̀. Ẹ dúró de jẹnẹrétọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ojú yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

#12 ÌyáAláwò

Ohun tí kò sí nínú ìwé òyìnbó rèé o, ẹ gbọ́ ọ. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kò ní C, Q, V, X àti Z. Ṣáàtì Bailey àti Lovie ní V àti Z. Ṣáàtì ETDRS tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1982, tí Bailey fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe é, ń lo C D H K N O R S V Z. Bàbá tó kọ́ ìwé Yorùbá nìkan á pe S ní "sí". Ọmọ tó kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì á pe C ní "sí". Èwo lẹ máa kọ sílẹ̀? F àti V náà nìyẹn: "fí" ni F ní Yorùbá, "fí" náà ni ẹnu púpọ̀ nínú wa fi ń pe V. Ojú rí i, ètí tiyín ló ṣì í gbọ́.

Páálí ìbáramu ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gàdàgbà sórí páálí kan, kí ẹni náà gbé e sórí itan, kó máa fi ìka kan èyí tó bá rí lára ògiri. Kò ní í pe orúkọ kankan. Ó wúlò fún ọmọ tójú ń tì náà.

#13 OníPápá

Ìyá, ẹ ṣeun, èyí wọlé. Fún ẹni tí kò mọ̀wé rárá, E tó ń yí kiri là ń lò.

#14 TíṣàÌríran

Ó dáa, àmọ́ ọ̀nà mẹ́rin péré ni E lè kọjú sí, ẹni tí kò rí nǹkan kan á fi àìmọ̀ mú ọ̀kan nínú mẹ́rin. Tí ẹ bá ní 3 nínú 5 ti tó, nǹkan bí èèyàn 10 nínú 100 tí kò rí i rárá á kọjá. Tí ẹ bá ní 4 nínú 5, kò ní pé 2. Ìdí tí 4 fi wà nìyẹn. Ẹ má bi wọ́n ní "ọ̀tún àbí òsì", àwọn ọmọ máa ń ṣì í. Ẹ ní kí wọ́n na ìka mẹ́ta síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí.

#15 ỌmọOptometry

Mo dúpẹ́ o, mo ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó ku fáìlì àtijọ́. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ "6/12−2", àwọn míràn "ka ìka" tàbí "ọwọ́ tó ń mì" (ẹni tí kò rí lẹ́tà kankan, tí wọ́n wá fi ìka tàbí ọwọ́ dán wò). Mo ti ṣe ìpíndọ́gba àwọn 6/6, 6/9 yẹn, mo sọ wọ́n di désímà kí n tó pín wọn.

#16 TíṣàÌríran

Tú u ká, àbúrò. Ojú méjì, 6/6 àti 6/60. Ní désímà, 1.0 àti 0.1, ìpíndọ́gba 0.55, ìyẹn 6/11. Ní logMAR, 0.0 àti 1.0, ìpíndọ́gba 0.5, ìyẹn 6/19. Ti désímà ń gbè sẹ́yìn ojú tó dáa. Yí ẹnì kọ̀ọ̀kan padà sí logMAR ná (lọ́gì ti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pín sí ti òkè): 6/9 jẹ́ 0.18, 6/12 jẹ́ 0.30, 6/18 jẹ́ 0.48, 6/24 jẹ́ 0.60, 6/36 jẹ́ 0.78, 3/60 jẹ́ 1.30. Lẹ́yìn náà ni kó o pín. Tó bá di àkọsílẹ̀, yí ìpíndọ́gba padà sí 6/ fún ẹni tó fẹ́ kà á.

"−2" yẹn (lẹ́tà 2 tó ṣì lórí ìlà náà), fi sílẹ̀. Lẹ́tà ìlà 6/12 lára Snellen kan lè jẹ́ 5, lára òmíràn 6, o kò sì mọ èyí tí wọ́n lò. Mú ìlà tí wọ́n kọ, kó o sọ ọ́ nínú iṣẹ́ rẹ pé bó o ṣe ṣe é nìyẹn. Má sì ṣe fi Snellen ṣe "ṣáájú awò ojú" kó o wá fi ti tuntun ṣe "lẹ́yìn awò ojú". Ṣáàtì lo máa wọ̀n, kì í ṣe awò. Ojú ọ̀tún àti òsì ọmọ kan kì í sì í ṣe ọmọ méjì, yan ọ̀kan fún ìṣirò.

"Ọwọ́ tó ń mì" kò ní nọ́ńbà. Má fún un ní èyíkéyìí, kà wọ́n sọ́tọ̀. Fún àwọn tó ń bọ̀, ẹ má máa yára lọ síbi ìka kíkà. Ẹ gbé ṣáàtì súnmọ́ ọn: tí ọ̀nà bá di ìdajì, ẹ fi 0.3 kún logMAR, tó bá di ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ fi 0.6 kún un. Ẹni tó ka lẹ́tà 7 lára ṣáàtì mítà 3 yín láti mítà kan àti ààbọ̀: 1.1 yọ 0.14, kún un ní 0.3, ó jẹ́ 1.26. Ìyẹn nọ́ńbà gidi. Àwọn tí ojú wọn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bailey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ṣe páálí kan fún wọn ní 2012, Berkeley Rudimentary Vision Test: E ńlá kọ̀ọ̀kan, ìlà dúdú-funfun, títí dé pátákó tó jẹ́ ìdajì dúdú, ìdajì funfun. Wọ́n lè mú un dé sẹ̀ǹtímítà 25 síwájú ojú.

#17 ỌmọOptometry

Ó yé mi. Mo fẹ́ lọ tẹ A2 náà lọ́la. Ṣé lẹ́tà Bailey ni àbí ti ETDRS?

#18 BàbáLẹ́ǹsì

Èyí tó bá wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí máàkì yín lè bára mu. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti Bailey, lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín ju bó ṣe ga lọ, ìlà òkè ní mítà 3 kò ní ju mìlímítà 314 lọ ní fífẹ̀. Tí rúlà rẹ bá ka 393 lórí irú lẹ́tà yẹn, wọ́n ti nà án. Má gbà á.